Usenet àti Àṣẹ Òǹkàwé: Bí A Ṣe Ń Yan Ètò Ìkàròyìn

 

Iṣẹ́ tí ẹ gbé lé mi lọ́wọ́ ni láti ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe lè yan ètò kọ̀ǹpútà tí yóò máa fi ka àwọn ẹgbẹ́ ìjíròrò orí Usenet. Ohun tí mo wá sọ kò ju ọ̀kan lọ: Usenet kò ní ọba, kò ní baálẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ kan ní alábòójútó lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ni kò ní. Ẹni tó ń kà á ni yóò ṣèdájọ́ ohun tó yẹ ní kíkà, ètò ìkàròyìn tó bá yàn ni yóò sì fi ṣe é.

Ní ọdún 1979, Tom Truscott àti Jim Ellis, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, gbèrò bí kọ̀ǹpútà ilé ẹ̀kọ́ kan yóò ṣe máa fi ìròyìn ránṣẹ́ sí ti ilé ẹ̀kọ́ mìíràn lórí tẹlifóònù. Steve Bellovin, tó wà ní Yunifásítì North Carolina ní Chapel Hill, ló kọ ètò àkọ́kọ́ tó jẹ́ kó ṣeé ṣe. Bí Usenet ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Lẹ́tà tí ènìyàn bá kọ yóò dé orí sáfà tirẹ̀, ìyẹn kọ̀ǹpútà tó ń pín lẹ́tà, sáfà náà yóò fi ẹ̀dà rẹ̀ ránṣẹ́ sí òmíràn, títí yóò fi kárí. Ní 1986, Brian Kantor àti Phil Lapsley gbé ìlànà NNTP jáde. Ìlànà yìí ni ètò ìkàròyìn fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀ títí dòní, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n tún un ṣe ní 2006.

Ẹ má fojú kékeré wo Usenet. Nínú ẹgbẹ́ comp.os.minix ni Linus Torvalds ti kéde iṣẹ́ tó di Linux, ní oṣù kẹjọ 1991. Oṣù yẹn náà ni Tim Berners-Lee ṣàlàyé World Wide Web nínú alt.hypertext. Àwọn ọmọ Nàìjíríà náà ní soc.culture.nigeria, níbi tí wọ́n ti ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ ilé.

Ní 2001, Google ra àkójọ lẹ́tà Usenet tó wà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ Deja News, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ojúlé Google Groups wọ Usenet. Láti 22 oṣù kejì 2024, Google kò gba lẹ́tà Usenet tuntun mọ́, kò sì bá ẹnikẹ́ni fi ránṣẹ́ mọ́. Àwọn tó gbára lé ojúlé yẹn nìkan rí i pé ọ̀nà dí. Àwọn tó ní ètò ìkàròyìn tiwọn kò pàdánù nǹkan kan, nítorí bí sáfà kan bá kọ̀ wọ́n, wọ́n lè lọ sí òmíràn, kí ètò wọn má sì yí padà.

Kí ni kí á wò, nígbà náà, bí a bá fẹ́ yan èyí tó dára?

Ohun kìíní ni ìtòlẹ́sẹẹsẹ ọ̀rọ̀. Gbogbo lẹ́tà Usenet ló ní àmì ìdánimọ̀ tirẹ̀, èsì sì máa ń gbé àmì ìdánimọ̀ àwọn lẹ́tà tó ṣáájú rẹ̀ dání. Ètò tó mọṣẹ́ yóò fi èyí to ìjíròrò, kí o lè rí ẹni tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ẹni tó fèsì, àti ẹni tó ta kò ó. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà. Ètò tó bá fi èsì hàn ọ́ láìfi ìbéèrè hàn ọ́ fẹ́ sọ ọ́ di irú adájọ́ bẹ́ẹ̀.

Ohun kejì ni sísẹ́ ọ̀rọ̀. Ní oṣù kẹrin 1994, agbẹjọ́rò méjì, Canter àti Siegel, da ìpolówó káàdì ìgbélùú Amẹ́ríkà sínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹgbẹ́ ìjíròrò. Kò sẹ́ni tó lágbára láti dá wọn dúró kí wọ́n tó ṣe é. Kí ó tó di ìgbà náà ni Larry Wall ti fi fáìlì ìpalẹ́numọ́ sínú rn, ètò tó kọ ní 1984: o lè kọ orúkọ asọ̀sọkúsọ síbẹ̀, o kò ní rí i mọ́. Àwọn ètò bíi slrn, Gnus àti Pan tún lọ jìnnà sí i. Wọ́n ń fún lẹ́tà ní máàkì. Èyí tó ti ọwọ́ ẹni tí o kà sí yóò lọ sókè, ti aláriwo yóò lọ sísàlẹ̀.

Ohun kẹta ni ọ̀nà ìfèsì. Ẹyin lọ̀rọ̀, lẹ́tà tó ti kárí sáfà kò ṣeé kó padà. Ètò rere gbọ́dọ̀ ya èsì tó ń lọ sójú gbogbo ayé sọ́tọ̀ kúrò lára ímeèlì tó ń lọ sọ́dọ̀ ẹnì kan. Ó gbọ́dọ̀ fi àmì sí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn tí o ń fèsì sí, kó sì jẹ́ kí o gé èyí tí kò wúlò kúrò.

Ohun kẹrin kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. ASCII, ìlànà kóòdù ọ̀rọ̀ tí Usenet fi bẹ̀rẹ̀, ní àmì 128 péré. Kò sí ẹ, ọ tàbí ṣ nínú rẹ̀. Ètò tí a óò lò gbọ́dọ̀ mọ UTF-8, ọ̀nà ìkọ Unicode tó gba álífábẹ́ẹ̀tì wa, ní kíkà àti ní kíkọ. Lẹ́tà bíi ẹ́ kò ní kóòdù kan ṣoṣo nínú Unicode. Àmì ohùn ni a ń lẹ̀ mọ́ ọn, àwọn ètò àtijọ́ sì máa ń já a sọ́tọ̀. Ẹ kọ gbólóhùn Yorùbá kan ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ alt.test, kí ẹ wò ó bóyá ó padà wá pé.

Ohun karùn-ún ni owó dátà. Ètò tó gbọ́n yóò kọ́kọ́ mú àkọlé wá, kó tó di pé o yan lẹ́tà tí o fẹ́. Slrn ní irinṣẹ́ tó ń kó lẹ́tà sílẹ̀, kí ènìyàn lè kà á nígbà tí kò sí nẹ́tíwọọ̀kì. Thunderbird náà lè ṣe é.

Ìmọ̀ràn mi rèé. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kó lo Thunderbird: ọ̀fẹ́ ni, ó ń ṣiṣẹ́ lórí Windows, Mac àti Linux, ímeèlì sì wà nínú rẹ̀. Ẹni tí ariwo bá ti sú, kó wo Pan. Ẹni tó fẹ́ràn kí ọwọ́ máa yára lórí bọ́tìnnì, tin àti slrn ń dúró dè é. Fún sáfà, Eternal September ń gba ènìyàn lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn ẹgbẹ́ tó jẹ́ ti ọ̀rọ̀ kíkọ.

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́, ojoojúmọ́ ni àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ń bá yín yan ohun tí ẹ óò kà, láìsọ fún yín bí wọ́n ṣe yàn án. Ẹ fi ètò kan sórí kọ̀ǹpútà yín, kí ẹ kọ́ bí a ṣe ń to ọ̀rọ̀ àti bí a ṣe ń sẹ́ ẹ fúnra yín. Bí ẹ bá sì rí ètò tó ń ba àmì ohùn wa jẹ́, ẹ kọ̀wé sí àwọn tó ṣe é. Púpọ̀ nínú wọn ló ṣí kóòdù wọn sílẹ̀ fún gbogbo ayé; ẹ̀yin náà lè tún un ṣe.