Aṣíkiri Inú Ara àti Jẹjẹrẹ Ìfun

Oníṣòwò obì ní Anyama, lẹ́bàá Abidjan, mọ̀ pé kòkòrò lè wà nínú obì tí ara rẹ̀ ṣì ń dán. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni jẹjẹrẹ ìfun rí.

Inú sẹ́ẹ̀lì ara wa ni àkọsílẹ̀ ìran wa wà, ṣùgbọ́n àwọn apá kan nínú rẹ̀ kì í dúró sójú kan. Barbara McClintock ti Amẹ́ríkà rí irú aṣíkiri bẹ́ẹ̀ nínú àgbàdo aláwọ̀ àdíkálà. Ó ṣàlàyé rẹ̀ ní 1951, ọ̀pọ̀ onímọ̀ kò kà á sí. Ó di 1983 kí ó tó gba ẹ̀bùn Nobel. Ní 1992, Yoshio Miki àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá èyí tí à ń pè ní LINE-1 nínú jẹjẹrẹ ìfun aláìsàn kan. Ó ti já wọ àárín jíìnì APC, tí í máa ṣọ́ ìfun kí kókó má baà yọ níbẹ̀, ó sì ti bà á jẹ́. Nínú ẹran ara aláìsàn náà tí ó dá ṣáká, wọn kò rí i. A kò bí i mọ́ ọn, kò sì sí ọwọ́ àjẹ́ níbẹ̀.

Ní Anyama bí ní Ìbàdàn, bí ẹ̀jẹ̀ bá bá ìgbẹ́ jáde, jẹ̀díjẹ̀dí ni a máa ń pè é, a ó sì máa mu àgbo. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n àwọn dókítà tí ń ṣèwádìí àrùn yìí ní Ilé-Ifẹ̀ rí i pé ọ̀pọ̀ aláìsàn kì í dé títí yóò fi tàn kálẹ̀. Ẹ̀rọ tẹ́ẹ́rẹ́ oníná ni wọ́n fi ń wo inú ìfun. Bí wọ́n bá rí kókó kékeré tí kò tí ì di jẹjẹrẹ, wọ́n lè gé e kúrò lọ́jọ́ náà gan-an.