Ẹ Má Jẹ́ Ká Jẹ Ojú Owó: Ọ̀rọ̀ Lórí Owó Ìpìlẹ̀ fún Àwọn Ọmọ Wa ní Yunifásítì

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní ìpàdé gbogbogbò ẹgbẹ́ wa, níwájú àwọn ọba, àwọn ìjòyè àti àwọn aṣojú láti Kétu, Ṣábẹ̀ẹ́, Pọ́bẹ̀, Ṣakẹ́tẹ́ àti Àjàṣẹ́)

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ dúró lẹ́yìn nítorí pé àga kò tó, ẹ kú ìdúró. Ọ̀rọ̀ yín ni.

Nínú ìwé tí wọ́n fi pè wá, wọ́n kọ ọ́ pé màá sọ̀rọ̀ lórí ríran àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́. Kò burú. Àmọ́ a ti ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́ tipẹ́. Lọ́dọọdún, nígbà tí èsì BAC bá ti jáde tí àwọn ọmọ ń palẹ̀ mọ́ láti lọ sí Calavi tàbí Paraku, a máa ń gbé àwo kiri. Ẹni tó ní ẹgbẹ̀rún kan á mú un wá, ẹni tó ní márùn-ún á mú un wá, a ó pín in fún ọmọ mẹ́fà méje, ó tán. Bí ọdún bá tún yí po, a tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Bí òjò bá dá lọ́dún náà, tàbí tí kajú kò bá lówó lórí, àwo á ṣófo, ọmọ á sì padà sílé. Ohun tí mo bá wá síhìn-ín lónìí yàtọ̀. Owó tí a máa kó jọ tí a kò ní ná ni.

Mo gbọ́ ẹ̀rín lọ́hùn-ún. Ẹ ní sùúrù fún mi.

Ta ni kò mọ ojú owó láàárín wa? Ìyá tó ń ta gàrí mọ̀ pé èrè ni òun ń jẹ. Ọjọ́ tó bá jẹ ojú owó, àtẹ ti tú nìyẹn. Àgbẹ̀ Ṣábẹ̀ẹ́ tún mọ̀ ọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ: bó ti wù kí ebi mú tó kí iṣu tuntun tó dé, ẹnikẹ́ni kì í gbé ẹbu kaná. Irú owó bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ kí a dá sílẹ̀ fún ilé-ìwé. Ojú owó á wà níbẹ̀ títí, èrè rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ á máa jẹ. Owó ìpìlẹ̀ ni mo pè é.

Àwọn kan á ní ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Bẹ́ẹ̀ ni, ó yẹ kí ìjọba ṣe é, a ò sì ní yé béèrè. Àmọ́ ẹ̀yin tí ẹ ti gbọ́njú nígbà náà, ẹ rántí 1989. Yunifásítì kan ṣoṣo la ní, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970. Ní oṣù kìíní ọdún 1989, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi kíláàsì sílẹ̀ nítorí pé wọn kò rí bourse wọn gbà. Àwọn olùkọ́ tí kò rí owó oṣù gbà náà dáṣẹ́ sílẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ìjọba Kérékou ti kọ ọ̀nà Marx àti Lenin sílẹ̀. Nígbà tó di oṣù kejì 1990, Àpérò Orílẹ̀-èdè ti jókòó ní Kútọnu. A máa ń fi ìtàn yẹn yangàn, ó sì tọ́ sí wa. Ṣùgbọ́n ẹ bá mi wò ó láti apá kejì: owó ilé-ìwé tí ọmọ gbójú lé kò dé, nítorí pé àpò kan ṣoṣo ló ti ń jáde, àpò náà sì gbẹ. Lónìí pàápàá, kì í ṣe gbogbo ọmọ tó yege BAC ló ń rí bourse gbà. Bí a bá ní àpò kejì, tí ó jẹ́ tiwa, a ó lè bá ìjọba sọ̀rọ̀ láìkúnlẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti obìnrin kan fún yín. Oseola McCarty lorúkọ rẹ̀, aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà ni, ní ìlú Hattiesburg, ní ìpínlẹ̀ Mississippi. 1908 ni wọ́n bí i. Kíláàsì kẹfà ló ti fi ilé-ìwé sílẹ̀ láti lọ tọ́jú àǹtí rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, kò sì padà síbẹ̀ mọ́. Aṣọ ló ń fọ̀ fún àwọn ènìyàn, tó ń lọ̀ ọ́, fún ohun tó lé ní àádọ́rin ọdún. Kò ní mọ́tò, ẹsẹ̀ ló fi ń rìn. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gbé owó lọ sí báńkì, kì í sì í yọ ọ́. Nígbà tó darúgbó, wọ́n bi í léèrè ibi tó fẹ́ kí owó náà lọ. Wọ́n to owó wẹ́wẹ́ mẹ́wàá síwájú rẹ̀ lórí tábìlì, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan dúró fún ìdá kan nínú mẹ́wàá. Ó mú ọ̀kan fún ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀, ó mú mẹ́ta fún ẹbí, ó ti mẹ́fà sọ́tọ̀ fún yunifásítì ìlú rẹ̀, kí wọ́n máa fi ran àwọn ọmọ tí kò lówó lọ́wọ́. Ní 1995 ni ayé gbọ́ ọ: 150,000 dọ́là. Yunifásítì yẹn, títí di 1965, kò gba ọmọ aláwọ̀ dúdú kankan wọlé. Nígbà tí àwọn ará ìlú rí ohun tí alágbàfọ̀ ṣe, àwọn náà dá owó kún un. Ó kú ní 1999, owó náà kò bá a kú.

Èmi kò sọ ọ́ láti dójú ti olówó. Mo sọ ọ́ nítorí àwọn tó ń rò pé olówó nìkan ló lè dá irú owó báyìí sílẹ̀. Ìyá tó ń dá àjọ ní ọjà Kétu, tí kò jẹ́ kí alájọ kọjá lọ́jọ́ kan láìsan tirẹ̀, mọ ọ̀rọ̀ yìí ju èmi tí mo gbé ìwé dání lọ.

Ó yá, ẹ bá mi ṣírò. Bí ẹni 500 nínú wa, àwọn tó wà nílé àti àwọn tó wà lẹ́yìn odi, bá ń mú 1,000 sẹfà wá lóṣooṣù, 6,000,000 nìyẹn lọ́dún. Bí a bá tẹ̀lé àṣà wa, a ó pín gbogbo rẹ̀ tán. Ohun tí mo dábàá ni pé kí a pín ìdá kan nínú márùn-ún, ìyẹn 1,200,000, fún àwọn tó wà nílé-ìwé báyìí, kí 4,800,000 tó kù di ojú owó. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ojú owó ti di 24,000,000, láìtíì ka èrè mọ́ ọn. Bó bá ń mú 5 wá lórí 100 lọ́dún, èrè rẹ̀ á jẹ́ 1,200,000. Ẹ wò ó dáadáa o: iye tí a ń fi ọwọ́ pín náà ni! Láti ìgbà yẹn lọ, bí àwo bá tiẹ̀ ṣófo lọ́dún kan, ọmọ méjìlá ṣì lè rí 100,000 gbà lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Kì í ṣe owó ìforúkọsílẹ̀ ló ń dá ọ̀pọ̀ ọmọ wa padà láti Calavi. Owó yàrá ni, àti oúnjẹ, àti ọkọ̀, àti fọtokópì. 100,000 kò ní tán gbogbo rẹ̀, àmọ́ onílé kò ní ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọmọ lójú.

Ibi tó ti le rèé, mi ò sì ní fi pamọ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan bi mí kí n tó bọ́ síwájú pé: "Bàbá, ẹ ó ní owó ní báńkì, ebi á sì máa pa mí?" Kò sí èsì tó dùn fún un. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ló máa gba èyí tó kéré jù nínú owó yìí, torí àwọn àbúrò wọn. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fara mọ́ àwọn tó ní kí a má pín kọ́bọ̀ kan fún ọdún márùn-ún. Bí ìpàdé bá ní kí ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin dípò márùn-ún, mi ò ní jà. Bó bá di ìdajì, èrè ọdún karùn-ún á já sí 750,000, ojú owó á sì máa rá pálá bí ọmọ tí kò tíì rìn.

A kò ní kó owó náà sínú àpótí. Ẹ rántí oṣù kìíní 1994: ilẹ̀ ṣú, 50 sẹfà ni fráǹkì Faransé kan; ilẹ̀ mọ́, ó di 100. Owó tó wà nínú àpótí kò dín níye, àmọ́ ohun tó lè rà láti òkè òkun dín sí ìdajì. Nítorí náà, kí apá kan wà ní báńkì, kí apá kan wà nínú ìwé ẹ̀yáwó ìjọba tí àwọn báńkì ń tà, kí apá kan jẹ́ ilẹ̀ àti ṣọ́ọ̀bù tí a fi ń gba owó ilé. Kí a má sì ná gbogbo èrè: kí ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ padà sínú ojú owó lọ́dọọdún, kí ọ̀wọ́n má baà jẹ ẹ́.

Ta ló máa tọ́jú rẹ̀? Ọ̀rọ̀ dé ibi tí gbogbo yín ń dúró dè. A ti dá owó rí, a kó o fún ẹni ńlá kan, ìbò dé, ìbò lọ, a ò rí owó, a ò rí ìwé. Ẹ kò níí gbọ́ orúkọ lẹ́nu mi. Kí a fi òfin ṣáájú ènìyàn lọ́tẹ̀ yìí ni mò ń wí. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan wà ní Kentucky ní Amẹ́ríkà, Berea ni wọ́n ń pè é, kò gba owó ilé-ìwé lọ́wọ́ ọmọ kankan láti 1892. Ní 1920, àwọn alákòóso rẹ̀ fi òfin kan lélẹ̀: ogún tí ẹnikẹ́ni bá fi sílẹ̀ fún ilé-ẹ̀kọ́ náà láìsọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe, ojú owó ló dà, èrè rẹ̀ nìkan ni wọ́n lè ná. Òfin yẹn ló mú wọn dé òní.

Tiwa ńkọ́? Ẹni mẹ́ta ni kó máa fọwọ́ sí ìwé báńkì: aṣojú àwọn ọba, ìyálọ́jà kan, àti ọ̀kan nínú àwọn ọmọ wa tó mọ ìṣirò owó. Ẹni tó bá ń du ipò nínú ìbò, kí ó kúrò níbẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an. Kí a máa ka ìṣirò náà ní gbangba lọ́dọọdún, kí a sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn yìí. Bí olóṣèlú bá gbé mílíọ̀nù márùn-ún wá lásìkò ìpolongo, a ó gbà á, a ó fún un ní rìsíìtì, a ó sì kọ orúkọ rẹ̀ ní lẹ́tà kékeré kan náà tí a fi kọ ti ìyá tó mú 1,000 wá. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, kó gbé owó rẹ̀ lọ.

Ẹ̀yin ọba, kì í ṣe owó ni mò ń tọrọ lọ́wọ́ yín. Ilẹ̀ ni. Kí ìlú kọ̀ọ̀kan yọ ilẹ̀ díẹ̀ fún kajú tàbí igi tẹ́ẹ̀kì, kí ohun tó bá tibẹ̀ jáde jẹ́ ti owó ìpìlẹ̀. Àmọ́ kí ó ní ìwé, gẹ́gẹ́ bí òfin ilẹ̀ ti 2013 ṣe là á sílẹ̀. Ẹnu ọba kò ṣeé jà níyàn, ṣùgbọ́n ọmọ-ọmọ ẹni tó ni ilẹ̀ tẹ́lẹ̀ lè lọ sí kóòtù. Ẹ̀yin ìdílé náà, bí a bá ń ṣe òkú àgbà, ẹ yọ owó màlúù kan sí owó ìpìlẹ̀ ní orúkọ bàbá tàbí ìyá yín. Mo mọ̀ pé àwọn kan á bínú sí mi nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bínú.

Ó ku ẹyọ kan: ọmọ ta ni? Àwọn kan ní ọmọ Ànàgó nìkan. Mo ní ọmọ tó dàgbà láàárín wa, tó ṣe ilé-ìwé níbí, tí òbí rẹ̀ ń dá owó, ìbáà jẹ́ Mahi, ìbáà jẹ́ Fọ̀n, ìbáà jẹ́ Fúlàní, tiwa ni. Kí a sì wo àwọn ọmọbìnrin dáadáa, torí pé bí owó bá kù díẹ̀ nínú ilé, àwọn la kọ́kọ́ ń dá dúró.

Ìwé òfin tí mo kọ sílẹ̀ wà lọ́wọ́ akọ̀wé, ojú ìwé mẹ́rin péré ni. Kí aṣojú ìlú kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà kan lọ, kí ẹ kà á sétígbọ̀ọ́ àwọn tí kò mọ̀wé, kí ẹ sì mú àtúnṣe yín wá sí ìpàdé tó ń bọ̀. Ọ̀rọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún ni kí a kọ́kọ́ dìbò lé lórí. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó dìde báyìí, kí òòrùn tó wọ̀.