Ta Nìyí? Dídá Àwọn Ènìyàn Inú Fọ́tò Àtijọ́ Mọ̀

Ohun tí ètò yìí fẹ́ gbé yẹ̀wò lónìí kò jìnnà sí ẹnikẹ́ni, nítorí pé ara ògiri pálọ̀ ni ó wà ní ọ̀pọ̀ agboolé ní Ìkìrun, ní Ìníṣà àti ní Òkukù. Fọ́tò àwọn àgbà tí wọ́n ti lọ ni. Bí àlejò bá béèrè pé, 'Ta nìyí?', ọmọ ilé yóò dáhùn pé, 'Bàbá wa àgbà ni.' Ṣùgbọ́n bí àlejò bá tún béèrè orúkọ bàbá náà, àti ọdún tí wọ́n ya fọ́tò ọ̀hún, ọ̀rọ̀ a pèsì jẹ.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àwàdà. Bí ẹjọ́ oyè tàbí ẹjọ́ ilẹ̀ bá dé, ẹbí lè gbé fọ́tò jáde láti fi hàn pé baba àwọn ni ó jókòó ti ọba. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀gbọ́n baba náà tàbí àna rẹ̀ ni ẹni tó jókòó, a jẹ́ pé a fẹ́ fi ẹ̀tọ́ ẹnìkan lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Orúkọ tí a bá sì ṣì kọ sẹ́yìn fọ́tò lónìí, òtítọ́ ni yóò jẹ́ lójú àwọn ọmọ tí wọn kò tíì bí.

Ọ̀nà mẹ́ta ni ènìyàn lè gbà wádìí fọ́tò: kí ó wo ohun tó wà nínú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀, kí ó wo ojú àwọn tó wà níbẹ̀, kí ó sì gbọ́ ti ẹnu àgbà. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ṣeé dá gbára lé.

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tó wà nínú fọ́tò. Ohun tó jẹ́ tuntun jù lọ níbẹ̀ ni kí a fi mọ ọdún, kì í ṣe ohun tó gbó jù lọ. Ẹ̀wù etù baba ńlá lè wà lọ́rùn ọmọ ọmọ rẹ̀. Aago ọwọ́ sì lè jẹ́ ti ayafọ́tò, tó fi ń yá àwọn oníbàárà rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè wọ aṣọ tí wọn kò tíì ṣe. Léèsì tí wọ́n ń kó wá láti Austria wọ ọjà wa ní àwọn ọdún 1960, ó sì gbòde kan ní àwọn ọdún 1970 nígbà tí owó epo dé. Bí ìyá inú fọ́tò bá wọ irú léèsì bẹ́ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ìgbà ogun Hitler ni wọ́n yà á. Bí ọkọ̀ bá ń lọ lójú títì lẹ́yìn wọn, ẹ wo ọwọ́ tó gbà: ọwọ́ òsì ni ọkọ̀ ń gbà ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ kejì oṣù kẹrin ọdún 1972, tí ó di ọwọ́ ọ̀tún.

Ẹ̀yìn fọ́tò náà ń sọ̀rọ̀. Òǹtẹ̀ tó bá dárúkọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kò lè ṣáájú ọdún 1976. Èyí tó bá dárúkọ Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kò lè ṣáájú ọdún 1991. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ni ó ṣòwò lọ sí Ghana kí ìjọba ibẹ̀ tó pàṣẹ ní ìparí ọdún 1969 pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé máa lọ. Nítorí náà, òǹtẹ̀ ayafọ́tò Kumasi kì í ṣe ohun ìyanu. Bí ó bá sì jẹ́ Gold Coast ni ó wà níbẹ̀, ó ṣeé ṣe kí fọ́tò náà ti wà ṣáájú oṣù kẹta ọdún 1957, nígbà tí ilẹ̀ náà yí orúkọ padà. Àmọ́ ṣá o, ọjọ́ orí bébà nìkan ni òǹtẹ̀ ń sọ. Bí àgbà bá kú, àwọn ọmọ a máa gbé fọ́tò kékeré tọ ayafọ́tò lọ kí ó bá wọn sọ ọ́ di ńlá. Òǹtẹ̀ ẹni tó sọ ọ́ di ńlá ni yóò wà lẹ́yìn rẹ̀, kì í ṣe ti ẹni tó kọ́kọ́ yà á.

Ojú ńkọ́? Ilà ojú a máa ran ni lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ìdílé ni àbàjà tàbí pélé ń fi hàn, kì í ṣe ẹnìkan ṣoṣo. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò lè kọ ilà kan náà. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ayafọ́tò lè yí fíìmù sódì nígbà tó bá ń tẹ̀ ẹ́, kí àpá ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì di ti ọ̀tún.

Èyí tó jinlẹ̀ jù ni fọ́tò ìbejì. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà kan tó ṣe ìwádìí lórí iṣẹ́ àwọn ayafọ́tò ní Ìlá-Ọ̀ràngún ní ọdún 1975, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1978, ṣàlàyé rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya àwọn méjèèjì pọ̀, ayafọ́tò a ya èyí tó kù, a sì tẹ àwòrán rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì sórí bébà kan, kí ó lè dà bí ẹni pé Táíwò àti Kẹ́hìndé jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, èyí tó kù yóò wọ aṣọ ọkùnrin lẹ́ẹ̀kan, yóò wọ ti obìnrin lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá fi ojú lásán wò ó yóò ka ènìyàn méjì, bẹ́ẹ̀ ọmọ kan ni ó jókòó níwájú ayafọ́tò. Síbẹ̀, orúkọ méjèèjì ni ó yẹ kí a kọ, pẹ̀lú àlàyé, nítorí pé ìyá wọn kò fi irọ́ ya fọ́tò náà. Ó fẹ́ máa rántí ọmọ rẹ̀ ni.

Nítorí irú èyí ni a kò fi lè ṣe kí a má tọ àgbà lọ. Ṣùgbọ́n èdè wa gba ìṣọ́ra. 'Ìyá mi nìyẹn' lè jẹ́ ìyá tó bí ni, ó lè jẹ́ ìyàwó baba, ó sì lè jẹ́ ẹ̀gbọ́n ìyá. Ìyàwó ilé kì í pe ọmọ ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Nítorí náà 'Akọ́wé' tàbí 'Ìbàdíàrán' tí ìyá àgbà dá lóhùn lè jẹ́ orúkọ tí òun fúnra rẹ̀ sọ wọ́n. Kí a béèrè síwájú sí i: Ta ni ó bí i? Ta ni ó fẹ́? Agboolé wo ni? Kí a má sì fi ìbéèrè mọ sí ìlú kan. Nígbà ogun Jálumi ní 1878, àwọn ará Òkukù sá lọ sí Ìkìrun, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà sílé. Ẹni tí a kò dá mọ̀ ní ìlú kan lè ní ìbátan ní èkejì.

Kí a béèrè oríkì pẹ̀lú. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù láàárín 1974 sí 1977, tó sì kọ ìwé lórí oríkì ìlú náà ní 1991, fi hàn pé oríkì kì í tò bí ìtàn, àti pé oríkì kan náà lè jẹ́ ti ju ẹnìkan lọ. Oríkì mọ ènìyàn, kò mọ ọdún. Fọ́tò ní ojú, kò ní orúkọ. Ó yẹ kí èkíní máa gbe èkejì.

Ká sọ pé àgbà kan ní Òkukù ní, 'Ìgbà Oyinlọlá ni wọ́n yà á.' Ọba Moses Oyinlọlá wà lórí oyè láti 1934 títí di 1960, ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Bí ọmọ tó wọ yunifọ́ọ̀mù bá wà nínú fọ́tò náà, tí àgbà sì ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ni ó gbé e dé ilé ìwé, oṣù kìíní ọdún 1955 ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ti dín kù sí nǹkan bí mẹ́fà. Kí a wá lọ bi àgbà kejì, níbi tí ti àkọ́kọ́ kò sí, kí ẹnìkan má baà tẹ̀lé ọ̀rọ̀ ẹnìkejì.

Iṣẹ́ yìí kò ju agbára akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Kí olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú fọ́tò kan ní àkókò ìsinmi. Kí wọ́n fi fóònù ya iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀. Kí wọ́n fi pẹ́ńsù kọ orúkọ sẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́, kì í ṣe bírò tí yóò fa bébà ya. Kí wọ́n kọ ẹni tó dárúkọ náà àti ọjọ́ tó dá a. Níbi tí àgbà bá ti ṣiyèméjì, kí wọ́n kọ 'bóyá'. Kí wọ́n má sì fi ìgbà kan dá ìgbà. Fọ́tò yóò máa wà lára ògiri. Àwọn tó lè dárúkọ àwọn tó wà nínú rẹ̀ ni kò ní í pẹ́ lọ.