Ilẹ̀ Ò Ṣeé Gbé Sá, Bọ́kẹ́ẹ̀tì Ṣeé Gbé

Ọ̀rọ̀ tí mo sọ nípàdé nìyí, fún àwọn tí kò ráyè wá.

Gbogbo wa la mọ ohun tí Odò Ògùn ń fojú wa rí ní Ajégúnlẹ̀. Tí òjò bá pọ̀, tí wọ́n sì tú omi dáàmù Ọ̀yán sílẹ̀, inú ilé lomi ń bá wa. Lọ́dún 2010, àgọ́ Àgbọ́wà ni ìjọba kó àwọn èèyàn wa lọ. Ẹ̀fọ́ téèyàn gbìn sílẹ̀, omi á gbé e lọ.

Ní Àbújá, Angel Adelaja dá iléeṣẹ́ Fresh Direct sílẹ̀, inú kọ̀nténà ni wọ́n ti ń gbin ẹ̀fọ́ sínú omi láìlo iyẹ̀pẹ̀. Hydroponics ni wọ́n ń pè é. Àwa ò lówó kọ̀nténà, àmọ́ a ní bọ́kẹ́ẹ̀tì. Bernard Kratky ní Yunifásítì Hawaii ti fi hàn pé kò dìgbà téèyàn bá ní pọ́ǹpù tàbí iná NẸ́PÀ.

Ẹ lu ihò sí ìdérí bọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ fi ọmọ lẹ́tíìsì há a, kí gbòǹgbò rẹ̀ kan omi. Ajílẹ̀ tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí lẹ máa pò mọ́ omi náà. NPK nìkan ò tó. Bómi ṣe ń lọ sílẹ̀, gbòǹgbò òkè á máa mí. Ẹ má rọ omi kún un padà dẹ́nu o, gbòǹgbò á jẹrà. Ẹ dé e pa dáadáa, kí ẹ̀fọn má yé sí i, kí oòrùn má wọ inú ẹ̀.

Èmi náà ti ṣe àṣìṣe. Iceberg, èyí tó ń dì bíi kábéèjì, ni mo kọ́kọ́ gbìn. Ooru Èkó ò jẹ́ kó dì, ó sáré yọ òdòdó, ó wá korò. Èyí tí ewé rẹ̀ tú ká, àti Batavia, ló ń fara da ooru jù. Ẹ gbé wọn síbi tí oòrùn ọ̀sán ò ti ní jó wọn. Láàárín ọjọ́ 30 sí 45 tẹ́ ẹ gbé e sínú omi, ẹ ti ń já a jẹ nìyẹn.

Èyí ò ní dá omi dúró o. Gọ́tà tó dáa àti ìkìlọ̀ tó tètè dé la ṣì ń bèèrè. Ṣùgbọ́n tómi bá dé, ẹ óò lè gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì yín gun òkè ilé.

Ẹ̀bẹ̀ wa: kí ìdílé kọ̀ọ̀kan mú bọ́kẹ́ẹ̀tì kan tó ní ìdérí wá sípàdé tó ń bọ̀. Kí ẹni tó bá ní ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì yá wa ní báńkónì rẹ̀. Àwa ọ̀dọ́ la máa kọ́ yín.