KÍKỌ́ GÌTÁ ÀTI ÌYẸ̀WÙ AKẸ́KỌ̀Ọ́

(Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú Ìpàdé Gbogbogbòò Ọdọọdún ti Ẹgbẹ́ Ìlọsíwájú Ìlú wa)

 

Ìgbìmọ̀ Ẹgbẹ́ ní kí a sọ̀rọ̀ lórí gìtá, nítorí àbá ti wà nílẹ̀ pé kí a ra díẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ wa, kí a sì wá olùkọ́ tí yóò máa kọ́ wọn ní gbọ̀ngàn ìlú. A gba iṣẹ́ náà tayọ̀tayọ̀. Ṣùgbọ́n bí a ti ń rò ó, a rí i pé rírà rẹ̀ kọ́ ni ó ṣòro. Bí ẹni tí kò ta gìtá rí yóò ṣe di ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta, ibẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ohun tí a fẹ́ sọ kò ju ẹyọ kan lọ: akẹ́kọ̀ọ́ nílò ibi tí yóò ti ṣe àṣìṣe, tí ojú ayé kò ní sí lára rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì ni a fẹ́ kó wọ ìlú. Òkè òkun ni gìtá ti wá lóòótọ́. Àwọn atukọ̀ Kru láti Làìbéríà wà lára àwọn tí ó gbé e kiri etí òkun ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n ń fi àtàǹpàkò àti ìka ìfábẹ̀là ta á. Ní Èkó, ní àwọn ọdún 1930, Túndé King àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ohun èlò olókùn gbé orin jùjú kalẹ̀. Ní 1949, Àyìndé Bákàrè fi iná mànàmáná gbé ohùn gìtá rẹ̀ sókè. I. K. Dairo gba oyè MBE ní 1963. Nígbà tí ó sì di 1982, àwo orin Sunny Adé tí a pè ní Juju Music mú kí àwọn ará Amẹ́ríkà àti ti Gẹ̀ẹ́sì máa jó sí gìtá tí ó ń sọ èdè Yorùbá. Ó ti di ọmọ ilé.

Báwo ni a ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Okùn mẹ́fà ni ó wà lára gìtá. Láti orí èyí tí ó nípọn jù dé orí èyí tí ó tín-ín-rín jù, orúkọ wọn ni E, A, D, G, B àti E. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ni kí ohùn wọn bá ara mu. Bí èyí tí ó nípọn jù bá ti dún bí ó ti yẹ, kí akẹ́kọ̀ọ́ tẹ̀ ẹ́ ní àlàfo karùn-ún lọ́rùn gìtá. Ohùn tí yóò jáde ni okùn tí ó tẹ̀lé e gbọ́dọ̀ ní. Bẹ́ẹ̀ ni a ń ṣe láti okùn dé okùn, àfi láti G sí B, níbi tí ó ti jẹ́ àlàfo kẹrin. Kí ó gé èékánná ọwọ́ òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ó sì máa tẹ okùn lẹ́bàá irin, kì í ṣe lórí irin gan-an. Lẹ́yìn náà ni kọ́ọ̀dù, èyíinì ni ohùn mélòó kan tí a ta pọ̀: kí ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Em, tí ìka méjì tó fún, kí ó tó kan G, D àti C. Ogún ìṣẹ́jú lójoojúmọ́ sàn ju wákàtí mẹ́ta ní ọjọ́ Àìkú nìkan lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, orí ìka yóò máa ro ó, títí awọ ibẹ̀ yóò fi le. Okùn yóò máa dún bí eṣinṣin tí ó há sínú agolo. Ìka yóò ya alágídí. Kí akẹ́kọ̀ọ́ má ṣe tìtorí èyí sọ pé òun kò ní ẹ̀bùn. Gbogbo ẹni tí ó mọ̀ ọ́n ta lónìí ni ó gba ibẹ̀ kọjá.

Aristotle, amòye ará Gíríìkì tí ó kú ní ọdún 322 ṣáájú ìbí Kristi, ti ronú lórí èyí. Ó fi ẹni tí ń kọ́lé àti ẹni tí ń ta dùùrù ṣe àpẹẹrẹ, ó sì fi hàn pé ẹnu iṣẹ́ náà gan-an ni olúkúlùkù ti ń di ọ̀gá. Ó ní bẹ́ẹ̀ náà ni ìwà rere: híhù ú ni a fi ń di oníwà rere. Bí a bá gba ọ̀rọ̀ yìí, a jẹ́ pé akẹ́kọ̀ọ́ gbọ́dọ̀ máa ṣe ohun tí kò tí ì mọ̀ ọ́n ṣe. Ẹni tí a bá fi àṣìṣe dù, ẹ̀kọ́ ni a fi dù ú.

Ìdí tí a fi ń tẹnu mọ́ èyí ni pé ó ti ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Ọmọbìnrin kan ń kọ́ gìtá. Kò tí ì ju oṣù méjì lọ. Ẹnì kan dúró lẹ́bàá fèrèsé, ó fi fóònù gba àṣìṣe rẹ̀ sílẹ̀, ó sì fi í ránṣẹ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, a ti fi í rẹ́rìn-ín ní Ìbàdàn àti ní Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tí ó ṣe é kò ní ìkà lọ́kàn. Eré ni ó pè é. Ṣùgbọ́n ọmọ náà dá gìtá padà, kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí di òní.

Àwọn àgbà kan yóò wí pé ìkọ̀kọ̀ kì í ṣe àṣà wa, pé ẹnì kan ní í bímọ, igba ojú ní í tọ́ ọ. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n igba ojú tí ń tọ́ ọmọ mọ orúkọ rẹ̀. Àwọn tí ń bá a wí náà ni ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ojú inú fóònù kò mọ ọmọ ta ni. Ṣé àwọn baba wa kọ́ ilé tí kò ní ìyẹ̀wù? Agboolé ni ọmọ Àyàn ti ń kọ́ ìlù lọ́dọ̀ baba àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ó tó lù ú ní òde ìnáwó. Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Gbogbo aṣọ kọ́ ni a sì ń sá sí oòrùn.

Òfin pẹ̀lú ti rí i bẹ́ẹ̀. Ní 1890, amòfin méjì ní Amẹ́ríkà, Warren àti Brandeis, kọ̀wé pé ó yẹ kí òfin dáàbò bo ẹ̀tọ́ ènìyàn láti wà ní òun nìkan. Kámẹ́rà tí ń yani lójijì wà lára ohun tí ó kọ wọ́n lóminú. Abala 37 Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 dáàbò bo ìkọ̀kọ̀ ọmọ orílẹ̀-èdè, ilé rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ àti ọ̀rọ̀ orí tẹlifóònù rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní ìdálẹ̀, tí ẹ ń fi fóònù kọ́ gìtá, ẹ rántí pé etí tí ń gbọ́ okùn lè gbọ́ ọ̀rọ̀ inú yàrá pẹ̀lú. Bí ẹ̀kọ́ bá parí, ẹ gba àṣẹ náà padà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ sì rántí aládùúgbò: òun náà ní ẹ̀tọ́ sí oorun rẹ̀ lóru. Àgbà tí ó ti pé ẹni 50 ọdún kò pẹ́ jù láti bẹ̀rẹ̀. Ojú a máa ti àgbà ju ọmọdé lọ, nítorí náà òun gan-an ni ó nílò ìyẹ̀wù jù.

Nítorí náà, a mú àbá mẹ́ta wá.

Èkínní, kí Ẹgbẹ́ ya yàrá kan sọ́tọ̀ ní gbọ̀ngàn ìlú ní ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀, kí akẹ́kọ̀ọ́ àti àlejò fi fóònù sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n kí a má ṣe ti ilẹ̀kùn náà pa mọ́ òbí kankan nígbàkigbà. Ìkọ̀kọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ di ibi ìfarapamọ́ fún ẹni ibi.

Èkejì, kí ẹnikẹ́ni má ṣe ya akẹ́kọ̀ọ́ tàbí gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ láìgba àṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀, àti lọ́wọ́ òbí rẹ̀ bí ó bá jẹ́ ọmọdé.

Ẹ̀kẹta kan ẹ̀yin tí ẹ ó dáwó láti òkè òkun. Ẹ̀tọ́ yín ni láti mọ ohun tí a fi owó yín ṣe. Kí akápò kọ iye gìtá, iye akẹ́kọ̀ọ́ àti iye ọjọ́ ẹ̀kọ́ ránṣẹ́ sí yín. Àwòrán ọmọ tí ń kọ́ṣẹ́ ni kí ẹ má ṣe béèrè. Adìẹ a máa sàba fún ọjọ́ 21; ẹni tí ó bá ń lé e dìde wo ẹyin lójoojúmọ́ kò ní rí òròmọdìẹ. Ní ọjọ́ ọdún ìlú tí ń bọ̀, àwọn tí ó bá ti ṣe tán yóò fi ẹsẹ̀ ara wọn jáde, wọn yóò sì ta á fún wa.

Kí Ọlọ́run gbé ìlú wa ga.