Kí Ẹ Tó Ra Wúfà Mìíràn

Wúfà ni sípíkà ńlá tí ń gbé ohùn ìsàlẹ̀ jáde, èyí tí àyà ń gbọ́ ju etí lọ. Bí àrá bá sán nínú sinimá tí ẹ ń wò nílé, tí ó sì dún bí ẹni gbá páálí, ẹ má tíì sáré lọ sọ́jà.

Ẹ yẹ àpótí rẹ̀ wò ná. Bí awọ ojú sípíkà ti ń ti afẹ́fẹ́ síwájú, bẹ́ẹ̀ ni ó ń fa ti ẹ̀yìn. Bí ìró méjèèjì bá pàdé, wọn a pa ara wọn. Àpótí ni kò jẹ́ kí wọ́n pàdé. Nítorí náà, ẹni tí ó bá fẹ́ kàn án, pákó tí ó nípọn ni kí ó lò, kí ó sì fi gọ́ọ̀mù dí ojú ìsopọ̀ gbogbo. Bí kò bá ní ihò, ẹ rọra fi ìka ti awọ náà wọlé: bí ó bá padà wéré, afẹ́fẹ́ ń jò níbìkan.

Ó ku yàrá. Ìró tí ń gbọ̀n ní ìgbà 40 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan gùn tó mítà 8 ààbọ̀, ó ju ọ̀pọ̀ pálọ̀ lọ! A máa kọlu ògiri, a sì padà. Níhìn-ín ó pọ̀ jù, lọ́hùn-ún kò sí rárá. Ẹ gbé wúfà sórí àga tí ẹ máa ń jókòó sí, ẹ fi orin sí i, kí ẹ wá máa rá bàbà kiri ẹ̀bá ògiri bí ọmọ ọwọ́. Ẹ kọ́kọ́ ti ilẹ̀kùn, nítorí àlejò. Ibi tí ohùn náà bá ti kún, tí ó sì já gaara, ibẹ̀ ni kí ẹ gbé e sí.