Ọ̀nà Àsálà Kì í Ṣe ti Ọlọ́lá Nìkan

Àwọn baba wa wí pé òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni eji bá rí ni eji ń pa. Òtítọ́ ni, ṣùgbọ́n bí ewu kò tilẹ̀ mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà, àwa ènìyàn a máa yà wọ́n sọ́tọ̀ ní ẹnu ọ̀nà tí a ó gbà sá.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ìsinmi, ọjọ́ 27 oṣù kìíní, 2002, ilé ohun ìjà àwọn ọmọ ogun ní Ìkẹjà gbiná, ó sì ń bú gbàmù láàrin ilé àwọn mẹ̀kúnnù. Àwọn ènìyàn sá nínú òkùnkùn dé odò tí a gbẹ́ ní Òkè-Àfà. Ewé ojú omi ti bò ó. Wọ́n ṣe bí ilẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ìyá àti ọmọ ni omi náà gbé lọ. Àwọn tí ó kú nínú jàǹbá náà ju 1,000 lọ.

Ní Èkó, wọn kò rí ọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, ọ̀nà wà, ènìyàn ni ó dí i. Ní ọjọ́ 29 oṣù kẹjọ, 2005, ìjì Katrina kọlu New Orleans, omi sì bo ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún ìlú náà. Ọ̀pọ̀ àwọn tí ó ní ọkọ̀ ti jáde. Àwọn tálákà, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ ènìyàn dúdú, ni ó kù. Nígbà tí àwọn kan nínú wọn fi ẹsẹ̀ gun afárá odò Mississippi lọ sí ìhà Gretna, àwọn ọlọ́pàá dá wọn padà, a sì yìnbọn sókè. Olórí ọlọ́pàá Gretna wí pé ìlú òun kò ní oúnjẹ, omi tàbí ibùwọ̀, àti pé bí a bá ṣí afárá, a ó kó ìlú náà, a ó sì sun ún. Àìsí oúnjẹ jẹ́ àwáwí tí a lè gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni ó sọ fún un pé olè ni ẹni tí ń sá fún omi?

Ẹ jẹ́ kí a wo ilé. Ní Ìkọ̀lé, Ọyẹ́ àti Ìdó, àwọn alágbàṣe, ayálégbé àti akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé láàrin wa. Bí ọlọ́lá kan bá mọ odi dí ọ̀nà ẹsẹ̀ ẹ̀yìnkùlé, tí iná sì sọ, ibo ni wọn yóò gbà? A bẹ ẹ̀yin ìjòyè kí ẹ yí àdúgbò yín ká kí ẹ̀ẹ̀rùn tó dé, kí ẹ sì pàṣẹ pé kí a ṣí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Kí a sì ti pinnu ṣáájú gbọ̀ngàn tí a ó ṣí fún ẹni tí ewu lé, ìbáà ṣe ọmọ ìlú, ìbáà ṣe àlejò.

Nígbà ogun Kírìjì, láti 1877 títí di 1893, àwọn baba wa mọ bí ó ti rí láti sá àsálà. Kò yẹ kí àwa ọmọ wọn ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí ń sá.